Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Di Àbúrò Mi ní Ilẹ̀ Yìnyín

Ẹ̀yin tí ẹ fi aṣọ bo orí bí adìyẹ tí òjò pa yìí, tí ẹ ń pariwo pé ọyẹ́ ọdún yìí fẹ́ pa yín, ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́, nítorí ojú ń tì mí fún yín. Ọyẹ́! Ohun tó kàn ń la yín ní ètè, tó sọ ẹsẹ̀ yín di funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eérú, òun ni ẹ ń pè ní òtútù? Èmi Ọdẹ́dìran, ọmọ Ọdẹ́lékè, ọmọ ọkùnrin tó pa ẹfọ̀n méjì lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá ìyàwó rẹ̀, èmi tí mo ti sùn nínú igbó tí ẹ̀yin ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ yín, mo ti dé ilé òtútù fúnra rẹ̀. Mo bá a nílé. Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Ọyẹ́ tí ẹ ń sá fún yìí, èémí ẹnu rẹ̀ lásán ni, ó sì ti rin ìrìn tó jìnnà títí ó fi rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi tó wà lábẹ́ aṣọ. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti dé, n kò yìnbọn mọ́, pé ẹ̀rù igbó ló ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà wà níbi tó wà. Bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó mú un jáde. Ohun tí ojú mi rí kọjá ohun tí à ń fi ẹnu lásán sọ, títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, gbogbo irun ara mi a dìde.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Ọdẹ́tóyìnbó, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó fi ọdún méjì jù mí lọ. Ẹni tó bá sọ pé ọdẹ mìíràn tún wà ní Òkè-Ẹfọ̀n yìí nígbà náà, irọ́ ló ń pa. Èmi náà dára, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń wá ẹran lọ, ẹran ló máa ń wá òun bọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó lọ ta awọ ní Èkó, ó sì pàdé àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìbọn yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ sí òpin ayé níhà gúúsù, níbi tí ọkọ̀ kò ti lè lọ mọ́. Ó padà wálé wá dágbére. Ó ní ọdún méjì péré ni. Ìyá wa, Àwẹ̀ró, di kúlíkúlí sínú aṣọ fún un, ó sì ta á ní kókó oníyípo mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n ta nílé wa àfi òun. Ọdún méjì di mẹ́wàá, ọdún mẹ́wàá di méjìlélógún. A kò rí i, a kò gbúròó rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Bí ọdẹ bá kú, dandan ni kí a ṣípà rẹ̀: a ó kó àpò rẹ̀ àti ohun ọdẹ rẹ̀ wọ inú igbó, a ó sun ìrèmọ̀jé fún un, kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kó máa lọ sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọdẹ ní àwọn kò lè ṣípà ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, tí a kò sì rí àpò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe sí nínú alààyè, tí kò sì sí nínú òkú. Ìyá wa ti dá iná kan sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tó lọ, kò sì jẹ́ kó kú fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Nínú òjò, ó máa ń gbé ìkòkò ńlá bò ó. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ ṣẹ́gi fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bí iná yìí bá kú, ibo ni ọmọ mi yóò fojú sùn bó bá ń bọ̀?" Arúgbó tó yẹ kó ti máa jókòó kí àwọn ọmọ máa bu omi fún un! Èéfín ti jẹ ojú rẹ̀, igi ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wò ó, mo rí i pé bí a kò bá ṣípà ẹ̀gbọ́n mi, iná yìí ni yóò sin ìyá mi.

Ibi tí a wà nìyẹn tí òyìnbó kan fi wọ ìlú, tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí irun àgbàdo. Ara ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ ni òun náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ló sì kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́. Ọ̀gá ni mo ń pè é, Ọdẹ lòun náà ń pè mí. Ó ní yìnyín ló fún ọkọ̀ wọn fọ́ bí ẹni fọ́ ẹ̀pà. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú àwọn márùn-ún kan, wọ́n lọ wá ìrànlọ́wọ́, wọn kò padà. Àwọn tó kù ni ọkọ̀ mìíràn wá gbé. Ó ní òun ń padà lọ síbẹ̀ báyìí, kí òun lè rí ìwé tí àwọn mẹ́fà náà ń kọ lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ bu oúnjẹ tirẹ̀ fún mi nígbà tí ara mi kò yá," ó wí. "Èmi wà láàyè. Ojú ń tì mí."

Mo ní, "Ọ̀gá, àpò rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó lọ?"

Ó ní, "Ó wà lọ́rùn rẹ̀."

Mo dìde, mo lọ mú ìbọn mi. Ìyàwó mi bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ìyá mi kàn lọ kó igi sí iná rẹ̀.

N kò ní fi ìrìn orí omi dá yín dúró. Ohun tí mo jẹ lórí òkun náà, ẹja ló jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí ni ọjọ́ tí mo rí òkè tó ń rìn bọ̀ lórí omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní òkè! Ó ga ju òkè ìlú yìí lọ ní ìlọ́po méjì, ó funfun, ó ní ihò àti góńgó, ó sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọba tó ń lọ jókòó ní gbàgede. Mo gbé ìbọn sí èjìká, mo pariwo, "Ọ̀gá, òkè ń bọ̀ wá bá wa o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi tó dì ni, Ọdẹ. Ó ń léfòó ni." Ẹnu mi là, kò padé títí a fi kọjá rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òkè yìí pamọ́ sínú, nítorí mo fi ojú ara mi rí i pé yìnyín ń rìn, n kò sì fi kọ́gbọ́n. Ojú tó rí tí kò kọ́gbọ́n, ihò orí lásán ni. Ó kù díẹ̀ kí àìgbọ́n náà pa mí.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kò lè lọ síwájú mọ́, ó dúró ní etí yìnyín láti máa retí wa. Èmi àti Ọ̀gá, pẹ̀lú ajá mẹ́jọ tó ń wọ́ ọmọlanke kan tí kò ní táyà, la wọ igbó náà. Igbó ni mo pè é, nítorí ọdẹ kò ní orúkọ mìíràn fún ibi tí ikú ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí igi kan níbẹ̀. Kò sí ewé, kò sí koríko, kò sí eèrà. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbóòórùn ilẹ̀, ilẹ̀ kò ní òórùn. Háà! Ilẹ̀ tí kò ní òórùn, kí ni ọdẹ fẹ́ fi imú ṣe níbẹ̀? Oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀. Ó ń yí wa ká bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, kò gbóná, kò sì lọ. Mo tọ̀, ìtọ̀ dì kó tó kanlẹ̀. Gbérí ọdẹ mi, ẹ̀wù tí bàbá mi fi àdó oògùn tò lára yíká, ni mo wọ̀ sínú, lábẹ́ ẹ̀wù onírun tí Ọ̀gá fún mi. Gbogbo àdó náà dì gbagidi, wọ́n ń kan ara wọn bí mo bá ti ń rìn. Mo pe ọfọ̀ àfẹ́ẹ̀rí kí n fi dán ara mi wò. Èémí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi, ó di ẹ̀tù funfun, ó sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá wò mí títí, ó ní, "Ọdẹ, mo ṣì ń rí ọ."

Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ẹyẹ kan yọ sí wa. Ẹyẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò lè fò. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń rìn, ẹ̀yìn wọn dúdú, àyà wọn funfun, bí akọ̀wé kóòtù tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, olórí wọn sì dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé èmi ni n kò mọ aṣọ wọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o." Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo bi Ọ̀gá ibi tí wọ́n ń lọ, ó ní inú òkun ni, pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyà wá bá wa. Ìjì ti wa mọ́ inú àgọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, a kò lè jáde, a kò lè gbọ́ ohùn ara wa. Eyín Ọ̀gá ń mì, ẹ̀jẹ̀ ń sun ní ìdí wọn. Ó ní àìrí ewé jẹ ló fà á, pé àrùn yẹn ti pa àwọn tó ṣáájú wa lọ bẹẹrẹ. Ajá mẹ́ta já sínú kòtò tí yìnyín tẹ́ aṣọ lé lórí. A gbọ́ igbe wọn títí, a kò gbọ́ ìgbà tí wọ́n balẹ̀. Ajá yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Ebi ń pa wá. Ọwọ́ tí ajá lá ní àárọ̀ ni mo fi bu ẹran rẹ̀ sẹ́nu, mo sì ń sunkún, omijé náà sì ń dì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi Ọdẹ́dìran! Ẹni tó bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, mo lè bá a jà.

Níkẹyìn, funfun náà gba ojú Ọ̀gá. Ó bọ́ awò dúdú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ náà sì wọ ojú rẹ̀ bí ata. Ó ké bí ọmọdé. Mo fi aṣọ di ojú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú àgọ́. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún wa. Òkè dúdú kan wà níwájú, òkúta gidi, Ọ̀gá sì ti sọ pé ìhà ibẹ̀ ni àwọn mẹ́fà kọjú sí lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wá ìrànlọ́wọ́.

Ó ní, "Lọ, Ọdẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni wàá ṣe rí ọ̀nà padà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bi mí ní ohun tó le."

Ẹ mọ àmì ilé wa. Bàbá wa ló kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi: ojú méjì ni kí o gé, kí wọ́n kọjú sí ibi tí o ti ń bọ̀, kí o má sì fi ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ jìnnà sí èyí tó ṣáájú. Nítorí pé kò sí igi, mo fi àáké gé yìnyín, mo gbé e dúró bí òpó, mo gé ojú méjì sí i, mo so àkísà pupa lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi dé ìdí òkè dúdú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn àmì mi tí wọ́n tò gbọọrọ, èyí tó gbẹ̀yìn kò ju ogún ìgbésẹ̀ sí mi. Mo yin ara mi. Mo ní ọmọ Ọdẹ́lékè kì í sọnù.

Bí mo ṣe yí ojú padà, mo bá ẹni tó jókòó ní ẹnu ihò òkè náà.

Háà, ẹ̀yin ènìyàn! Bàbá arúgbó ni, ó ga tó igi ìrókò bó ti jókòó yẹn, kò ní ìpéǹpéjú, irùngbọ̀n rẹ̀ sì rọ̀ dé ilẹ̀ ní ọ̀pá yìnyín. Èyí kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Mo rí inú rẹ̀! Ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi tó tòrò, gbogbo ohun tó ti gbé mì sì wà nínú rẹ̀ tí mo ń wò wọ́n: ọkọ̀ mẹ́ta tó fọ́, ajá tí ìjánu wà lọ́rùn wọn, bàtà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àsíá oríṣiríṣi ìlú, àwọn ọkùnrin tí ìwé wà lórí itan wọn, tí wọ́n di kálàmù mú bí ẹni tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.  Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Baba Ọyẹ́ ni mo bá pàdé.

Ó ní, "Ta ló wọlé mi láì kanlẹ̀kùn?"

Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹnu ọdẹ kì í kú ṣáájú ọdẹ. Mo ní, "Bàbá, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ibo ni kí àlejò kàn?"

Ó rẹ́rìn-ín, yìnyín sì sán káàkiri. Ó ní, "Kí lo wá wá? Àwọn kan wá, wọ́n ní ọ̀nà òwò ni àwọn ń wá. Mo ti ọ̀nà náà pa, wọ́n se bàtà wọn jẹ. Àwọn kan ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ tẹ àárín ilé mi. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bá àsíá ẹlòmíràn níbẹ̀, ìbànújẹ́ sì pa wọ́n lójú ọ̀nà ilé. Àwọn kan ní òkúta, àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni àwọn fẹ́ wọ̀n. Àsíá tìrẹ dà?"

"N kò ní àsíá, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá wá."

Ó tẹrí wá sílẹ̀ wò mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn tó ń wá èèyàn kò pọ̀. Ó wà lẹ́yìn mi níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń mú nǹkan nílé mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè kan ni, ìdáhùn mẹ́ta. Bí o bá gbà á, wàá mú ohun kan ṣoṣo lọ. Bí o kò bá gbà á, wàá wọ inú mi lọ jókòó ti àwọn wọ̀nyẹn. Ilẹ̀ wo ló ń rìn, tí ẹni tó dúró lórí rẹ̀ rò pé ó dúró?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn ẹṣin."

"Ẹni tó wà lórí ẹṣin mọ̀ pé ẹṣin ń rìn. Ó ku méjì."

"Ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ènìyàn bá ń sùn."

"Mo ní ẹni tó dúró, n kò ní ẹni tó sùn. Ó ku ọ̀kan." Ó sì la ẹnu. Atẹ́gùn tó jáde níbẹ̀ gba èémí lẹ́nu mi.

Ọdẹ tí ọ̀rọ̀ bá dé bá á, ẹ̀yìn ló máa ń wò, kó rí ibi tí yóò gbà sá. Mo wẹ̀yìn. Mo wá àmì mi tó gbẹ̀yìn, èyí tó wà ní ogún ìgbésẹ̀. N kò rí i. Mo gbójú sókè, mo rí àkísà pupa rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ju igba ìgbésẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó gbé e. Ojú méjì tí mo gé sí i kò kọjú sí àgọ́ mọ́. Òfìfo ló ń wò. Gbogbo àwọn àmì mi ló ti wọ́ lọ sápá kan bí ìlà tí ọmọdé fi ẹsẹ̀ pa.  Òkè orí òkun! Mo ti rí i! Kì í ṣe orí ilẹ̀ ni mo ti ń rìn láti ọjọ́ yìí, orí omi tó dì ni, ó sì ń léfòó lọ pẹ̀lú ọ̀nà tí mo fi ọwọ́ mi là!

Mo pariwo, "Ilẹ̀ tí mo gbà wá síbí yìí ni!"

Baba Ọyẹ́ pa ẹnu dé. Ó ní, "O gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà gé ojú méjì. Ó ní kí àwọn márùn-ún tẹ̀lé òun, pé àmì ilé bàbá òun kì í purọ́. Kò ṣìnà o. Ọ̀nà ló kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ wò ó."

Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Mo wọlé.

Àwọn mẹ́fà ló jókòó, wọ́n fara ti ara wọn. Mo ti múra sílẹ̀ de egungun. Mo ti múra sílẹ̀ de eérú. N kò múra de ohun tí mo rí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó bó ṣe jókòó lábẹ́ igi ọsàn ilé wa lọ́jọ́ tó dágbére. Awọ ara rẹ̀ ń dán. Kò sí ewú kan lórí rẹ̀, kò sí ìlà kan níwájú orí rẹ̀. Àpá tí mo fi òkò dá sí i nípéǹpéjú nígbà tí a wà lọ́mọdé ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀! Èmi tí mo dúró tì í, àádọ́ta ọdún ni mí, orí mi ti funfun, eyín mi méjì ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti di àbúrò mi. Mo bú sẹ́kún, ohùn mi ń padà wá bá mi láti ara òkúta.

Baba Ọyẹ́ bi mí láti ẹnu ihò, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò kí ta ni?"

Mo ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n mi, ìbáà jẹ́ pé ọjọ́ orí dúró dè é." Mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìfaradà. Ìyá ní kí n kí yín." Nígbà tí mo fẹ́ dìde, irùngbọ̀n mi ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, mo sì fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo. Mo fẹ́ gbé e wálé, ṣùgbọ́n Baba Ọyẹ́ ní bí mo bá gbé e dé ibi tí oòrùn ti ń mú, ọdún méjìlélógún yóò dé bá a lọ́jọ́ kan. Mo rí ìwé tí Ọ̀gá ń wá lórí itan ọ̀kan nínú wọn, mo mójú kúrò. Mo ká àpò ọdẹ náà kúrò lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ òfin wa: a kì í mú nǹkan lára ọdẹ tó kú láì fi tiwa rọ́pò rẹ̀, a kì í sì fi ohun ẹlòmíràn rọ́pò. Mo ti fi ìbọn mi sílẹ̀ fún Ọ̀gá ní àgọ́, kó máa yìn ín pè mí bí mo bá pẹ́. Ẹ̀wù onírun tó wà lára mi àti àáké ọwọ́ mi, ohun ọkọ̀ ni wọ́n. Ohun kan péré ló jẹ́ tèmi níbẹ̀, gbérí bàbá wa, inú pátápátá ló sì wà.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún kí n lè tú okùn ẹ̀wù. Atẹ́gùn gbé ìbọ̀wọ́ náà lọ, n kò rí i mọ́ títí di òní. Mo bọ́ ẹ̀wù onírun. Mo bọ́ gbérí. Mo dúró níhòòhò láti ìbàdí sókè nílé òtútù, mo sì fi gbérí náà bo ẹ̀gbọ́n mi léjìká, mo so okùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́, nítorí àdó mẹ́rìndínlógún ló wà lára rẹ̀, okùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo so èyí tó kẹ́yìn, n kò mọ̀ mọ́ pé mo ní ìka.

Baba Ọyẹ́ ní, "Láti ìgbà tí mo ti jókòó síhìn-ín, aṣọ òkú ni àwọn tó wá ń bọ́ wọ̀. N kò rí ẹni tó bọ́ tirẹ̀ fún òkú rí." Ó yà á lẹ́nu, mo rí i lójú rẹ̀. Ó yí ojú sápá kan, ìjì sì rọ̀.

Mo gbé ẹ̀wù onírun wọ̀ padà, mo sáré. Mo fo ibi tí yìnyín ti là, omi dúdú ń hó lábẹ́ mi. Mo pa àwọn àmì mi tì, wọ́n ń pè mí sápá ọ̀tún, mo gba òsì, mo ń fi ìró ìbọn tí Ọ̀gá ń yìn ní àgọ́ mọ ibi tó wà. Mo bá a lójú dídì, ọta kan ló kù fún un.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde, ilẹ̀ ń rìn."

"Ìwé ńkọ́?"

"Ohun kan ni wọ́n ní kí n mú. Àpò ni mo mú."

Ó fọwọ́ tọ́ àpò náà wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o rí i? Báwo ló ṣe wà?"

"Ó wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, Ọ̀gá." Òyìnbó náà sunkún lábẹ́ aṣọ ojú rẹ̀.

Ó ní kí a tẹ̀lé àwọn àmì tí a ti rì mọ́lẹ̀ láti ibi ọkọ̀ wá. Mo ní àmì ló pa àwọn mẹ́fà. Nígbà náà ni mo rí àwọn akọ̀wé kóòtù mi, wọ́n tò, wọ́n ń lọ. Mo ní ẹranko kì í ṣìnà omi, ìbáà ṣe odò Òkè-Ẹfọ̀n, ìbáà ṣe òpin ayé. Mo so okùn mọ́ ìbàdí Ọ̀gá, mo so ó mọ́ tèmi, a sì tẹ̀lé ẹyẹ fún ọjọ́ méje, bisikíìtì kan lójúmọ́ fún ẹni méjì. Ní ọjọ́ keje, mo rí èéfín ọkọ̀ wa. Ibẹ̀ ni dókítà ọkọ̀ ti gé ohun tó dúdú kúrò lọ́wọ́ mi.

Ó dáa. Ẹ wò ó báyìí. Ẹ wò ó dáadáa. Ìka mẹ́ta ló lọ, ìka tí mo fi ń yìnbọn sì wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rù igbó ló ń bà mí, ó yá, ẹ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Ìyá mi ń fi ẹnu fẹ́ iná rẹ̀. Mo gbé àpò náà sí i lẹ́sẹ̀. Ó nawọ́ sínú rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ jáde, ó yọ fèrè jáde, lẹ́yìn náà ó yọ aṣọ kékeré kan tó ta ní kókó oníyípo mẹ́ta. Ó tú u. Kúlíkúlí mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ kì í jẹ oúnjẹ ilé tán nínú igbó. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù tí yóò fi rin ọ̀nà àbọ̀. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ bàtà, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ ẹ́, nítorí ó ń bọ̀ wálé.

Ìyá mi wo kúlíkúlí náà títí. Mo rò pé yóò bi mí bó ṣe kú. Mo rò pé yóò bi mí ibi tí mo sin ín sí. Ó ní, "Ọdẹ́dìran, ṣé òtútù ń mú un?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Mo ti fi gbérí Bàbá bò ó."

Ó gbé ojú sókè, ó rí ọwọ́ mi.  Ó mú ọwọ́ náà, ó ki í bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ọmọ kékeré tí ọyẹ́ mú, ó sì dì í mú ṣinṣin níbẹ̀. Ó wá pe ìyàwó mi. Ó ní kó bu omi wá, kó dà á sí iná náà.

A ṣípà ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi sì sùn di ojúmọ́. Ibi tí ẹnu mi gbé e dé nìyẹn. Ẹ ti igi yẹn sínú iná, kí ẹ sì fún ọmọ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn yẹn láyè kó sún mọ́ ọn.